Lílo Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ fún Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré Àdáṣe: Àlàyé fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Àṣamọ̀

Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń yọ ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ń dè é mọ́ imú ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn. Ohun tó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí èyí ṣe ṣeé ṣe, ohun tó mú un ṣòro, àti ìdí tí àwọn kan fi yege nídìí rẹ̀ nígbà tí àwọn mìíràn fi ẹ̀mí wọn dí i. Èrò wa ni pé kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò dára tó. Iṣẹ́ tí a gbé fún un lójú òfuurufú ló yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. A fi ẹ́ńjìnnì Ford Model A, Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá, àti Chevrolet Corvair ṣe àpẹẹrẹ. A sì tọ́ka sí ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi kókó-ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò.

1.0 Ìfáàrà

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2007, ìròyìn kan jáde láti ìlú Kánò tó tàn ká gbogbo àgbáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì kan ní Yunifásítì Bayero fi àlòkù irin kan hẹlikọ́pítà, ó sì fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Honda Civic, tó ní agbára ẹṣin 133, sínú rẹ̀. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé ó gbéra nílẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, ṣùgbọ́n kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí akitiyan ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan wà nínú ìròyìn yìí tó yẹ kí olùkọ́ lè dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi í. Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 133 máa ń gbé ènìyàn márùn-ún sáré lójú títì láìsí wàhálà. Kí ló dé tí kò rọrùn fún un láti gbé ènìyàn kan kúrò nílẹ̀? Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 1929, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 40 lọ gbé ọkọ̀ òfuurufú oníjókòó méjì fò. Ó hàn gbangba pé iye agbára ẹṣin nìkan kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ fò. Ohun mìíràn tó yẹ kó bá a rìn ni bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Lò

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú olùkàwé lójú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ la àwọn ọ̀rọ̀ kan yéni. Ọkọ̀ òfuurufú àdáṣe ni èyí tí ènìyàn kàn fúnra rẹ̀, nílé tàbí ní gárééjì rẹ̀, fún ìgbádùn tàbí fún ẹ̀kọ́, tó yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún títà. Pùròpẹ́là ni abẹ̀bẹ̀ gígùn tó sábà máa ń wà ní imú ọkọ̀, tó ń gbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Kíráńkì ni irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń sọ lílọ-bíbọ̀ písítíìnì di yíyí. Bí kíráńkì bá yí ní ẹ̀ẹ̀kan tó sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìyípo kan nìyẹn. Ìyípo inú ìṣẹ́jú kan ni a ó máa kà nínú bébà yìí.

Ipá ìlọ́ ni okun tí kíráńkì fi ń lọ́ ohun tó so mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá fi sípánà lọ́ nóòtì. Agbára ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń fi agbára ẹṣin wọ̀n, ni ohun tí a ń rí bí a bá sọ ipá ìlọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìyípo. Gbólóhùn yìí ni olùkàwé gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn jù lọ. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ní agbára kan náà, kí ọ̀kan rí i nípa ipá ìlọ́ púpọ̀ àti ìyípo díẹ̀, kí èkejì sì rí i nípa ipá ìlọ́ díẹ̀ àti ìyípo púpọ̀. Lórí ìwé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

3.0 Ìtàn Ní Ṣókí

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀ ti wọ inú ìtàn ọkọ̀ òfuurufú. Kí àwọn ọmọ ìyá méjì, Wilbur àti Orville Wright, tó fò ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1903, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì pé kí wọ́n ta èyí tó fúyẹ́ fún àwọn. Wọn kò rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Mẹkáníìkì wọn, Charlie Taylor, ló bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun tó ní agbára ẹṣin bíi 12. Ẹ̀wọ̀n irú ti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé agbára náà dé ìdí pùròpẹ́là méjì, òun náà ni wọ́n sì fi dín ìyípo kù. Ìṣòro méjì tí a ó máa bá pàdé títí dé òpin bébà yìí, ìyẹn ìwúwo àti iye ìyípo, ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nídìí ọ̀rọ̀ wa yìí ni Bernard Pietenpol, ará abúlé Cherry Grove ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. Igi àti aṣọ ni ó fi kan ọkọ̀ òfuurufú oníjókòó méjì tó pè ní Air Camper. Ní ọdún 1929, ó fi ẹ́ńjìnnì Ford Model A sí i. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yìí ní, inú rẹ̀ gba lítà 3.3, ó sì ń mú agbára ẹṣin 40 jáde ní ìyípo 2,200. Ní àkókò náà, olóòtú ìwé ìròyìn Modern Mechanics kò gbà pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1930, Pietenpol àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé Air Camper méjì fò lọ bá a ní agbègbè Minneapolis kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní ọdún 1932, àwòrán bí a ṣe ń kan ọkọ̀ náà jáde nínú Flying and Glider Manual. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń fi àwòrán náà kan tiwọn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì Volkswagen ló gba ipò iwájú. Ọkọ̀ yìí ni àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣù bí igbá ẹ̀yìn ahun. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó wà ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, àwọn ará Brazil sì mọ̀ ọ́n sí Fusca. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin tó dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú, kò lo omi. Ìdí méjèèjì yìí ló mú un fúyẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1950, Roger Druine ṣe ọkọ̀ oníjókòó kan tó pè ní Turbulent, ẹ́ńjìnnì Volkswagen ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní Kalifọ́níà, Ken Rand fò nínú ọkọ̀ KR-1 tirẹ̀ ní ọdún 1972 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà. Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Limbach mú un gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì Chevrolet Corvair, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe fún ọdún 1960 títí dé 1969. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu òun náà, inú rẹ̀ sì tó lítà 2.7. Pietenpol kan náà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ford ló gbé Corvair sínú Air Camper ní àwọn ọdún 1960. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn kan ti ń lo Subaru, tí wọ́n fi omi tù. Lẹ́yìn náà ni Honda tẹ̀ lé e.

4.0 Iṣẹ́ Ilẹ̀ àti Iṣẹ́ Òfuurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Kí a tó mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì kan tọ́ sí iṣẹ́ òfuurufú, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Ìyàtọ̀ kìíní wà nínú bí agbára ṣe ń jáde. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń lọ lójú títì tó tẹ́jú ní ìwọ̀n kìlómítà 90 ní wákàtí kan, agbára tó ń lò kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣe lọ. Ìgbà tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ tàbí tó bá ń gun òkè ló ń lo agbára rẹ̀ púpọ̀, ìyẹn kì í sì í pẹ́. Ti ọkọ̀ òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ló ń lò láti gbéra, àti fún ìṣẹ́jú bí i mélòó kan tó fi ń gòkè. Nígbà tó bá dé òkè tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára náà ni yóò máa lò fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta gbáko. Ṣe ni ó dà bí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù, tó ń gun òkè kan tí kò lópin.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Lójú títì, awakọ̀ yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Lójú òfuurufú, ọkọ̀ kékeré kò ní já lulẹ̀ bí òkúta, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Ṣùgbọ́n yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Bí ó bá wà ní mítà 300 sí ilẹ̀, nǹkan bí i kìlómítà méjì ni ó lè yọ̀ lọ síwájú. Bí kò bá sí pápá ní àárín ìwọ̀n yẹn, ewu dé.

Ìyàtọ̀ kẹta ni ìwúwo. Kílógíráàmù 50 tó bá lé lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju ẹrù kan nínú búùtù lọ. Nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré, ó lè jẹ́ gbogbo ìwúwo ẹni tí ìbá jókòó ṣìkejì. Bí ó bá sì jẹ́ ní imú ni ó pọ̀ jù sí, ọkọ̀ kò ní wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìdarí rẹ̀ yóò sì ṣòro.

Níbí yìí ni a ti lè dáhùn apá kan ìbéèrè wa àkọ́kọ́. Ọkọ̀ òfuurufú oníyẹ̀ẹ́ bí Air Camper kì í fi ẹ́ńjìnnì gbé ara rẹ̀ sókè tààrà. Ẹ́ńjìnnì ń fà á síwájú, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára ìyẹ́ ló sì ń gbé e. Nítorí náà ni agbára kékeré fi tó o. Hẹlikọ́pítà kò ní ìyẹ́ tó dúró. Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ló fi ń gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ ró lójú kan. Agbára tó ń fẹ́ pọ̀ jìnnà sí ti oníyẹ̀ẹ́ tí ìwúwo wọn jọ dọ́gba. Apá kejì ìdáhùn náà wà nínú iye ìyípo, òun ni a ó sì yẹ̀ wò báyìí.

5.0 Ibi Mẹ́rin Tí Àtúnṣe Gbọ́dọ̀ Dé

5.1 Iye Ìyípo

Pùròpẹ́là kò fẹ́ kí a yí òun ní àyíjù. Bí orí rẹ̀ bá ń sáré súnmọ́ ìyára ìró, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ariwo rẹ̀ yóò di ńlá, agbára púpọ̀ yóò sì máa ṣòfò láìfa ọkọ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé láti orí kan dé orí kejì pùròpẹ́là jẹ́ mítà 1.75. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 22/7, orí rẹ̀ ń rin mítà 5.5 nínú ìyípo kan. Ní ìyípo 2,400, yóò rin mítà 13,200 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ mítà 220 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní ìyípo 4,800, yóò di mítà 440, ó ti kọjá ìyára ìró.

Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì òfuurufú fi ń ṣe èyí tí inú rẹ̀ tóbi tí kì í sáré. Continental O-200, tó wà nínú ọkọ̀ Cessna 150, ní sílíńdà mẹ́rin, inú rẹ̀ gba lítà 3.3, ó sì ń mú agbára ẹṣin 100 jáde ní ìyípo 2,750. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní lè rí agbára ẹṣin 100 yìí kan náà láti inú lítà 1.5, ṣùgbọ́n yóò sáré tó ìyípo 5,500 tàbí 6,000 kó tó rí i. Bí a bá ní kí ó yí ní 2,500 nítorí pùròpẹ́là, agbára náà kò ní tó ìdajì mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ló wà. Èkíní ni láti lo ẹ́ńjìnnì tí kò sáré, bí Ford Model A. Oríire Pietenpol ni pé ìyípo 2,200 tí Ford ṣe fún títì bá ohun tí pùròpẹ́là ń fẹ́ mu. Èkejì ni láti gé pùròpẹ́là kúrú. Ohun tí àwọn tó ń lo Volkswagen ń ṣe nìyí. Pùròpẹ́là tó jẹ́ mítà 1.4 ń rin mítà 4.4 nínú ìyípo kan. Ní ìyípo 3,300, orí rẹ̀ ń lọ ní mítà 242 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ pùròpẹ́là kúkúrú kì í fa ọkọ̀ tó wúwo tàbí tó ń lọ jẹ́jẹ́ dáadáa. Ọkọ̀ kékeré tó fúyẹ́ tó sì yára ló bá mu. Ẹ̀kẹta ni láti fi gíà tàbí bẹ́líìtì sáàárín kíráńkì àti pùròpẹ́là, bí a ti ń ṣe fún Subaru àti Honda. Bí gíà náà bá dín ìyípo kù sí ìdajì, yóò sọ ipá ìlọ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n gíà ní ìwúwo tirẹ̀, ó sì jẹ́ ohun mìíràn tó lè bàjẹ́.

5.2 Kíráńkì àti Ìgbọ̀nrìrì

Kíráńkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ pùròpẹ́là. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀, yíyí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Lójú òfuurufú, pùròpẹ́là ń fà á síwájú ní gbogbo ìgbà. Ju èyí lọ, ohun tó bá ń yí kì í fẹ́ kí a yí ojú òun sí ibòmíràn. Ẹni tó bá ti di táyà kẹ̀kẹ́ tó ń yí mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó sì gbìyànjú láti darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò mọ ohun tí à ń wí. Nígbàkígbà tí awakọ̀ òfuurufú bá gbé imú ọkọ̀ sókè tàbí tó yà, pùròpẹ́là yóò bá kíráńkì jìjàkadì, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́. Irin tí a ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀, bó ti wù kó nípọn tó, yóò sán níjọ́ kan.

Èyí ti ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn Volkswagen àti Corvair tí a gbé lọ sí òfuurufú, a ti rí kíráńkì tó sán, àwọn mìíràn sì ṣẹ́ pátápátá. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti àwọn ọdún 2000 ni àwọn tó ń lo Corvair ti ń fi iná àti gáàsì náítírójìn mú ojú kíráńkì le, tí wọ́n sì ń fi béárìn kan kún un ní ìdí pùròpẹ́là kí ó lè bá a gbé ẹrù náà.

Ti gíà tún yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í yí ní bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bó ti ń dún létí. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan tó bá bú ń ti kíráńkì lẹ́ẹ̀kan. Bí títì yìí bá bá bí pùròpẹ́là ṣe ń gbọ̀n mu, ìgbọ̀nrìrì náà yóò máa ga sí i títí yóò fi já eyín gíà. Kódà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tún ẹ́ńjìnnì dísù Mercedes-Benz ṣe fún òfuurufú, tó sì gba ìwé àṣẹ fún un ní ọdún 2002, òfin tó bá a rìn ni pé kí a tú gíà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn wákàtí 300. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ bá ń ṣọ́ gíà báyìí, kí ni kí ẹni tó dá tirẹ̀ ṣe ní gárééjì máa ṣe?

5.3 Ooru

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo agbára púpọ̀ láìsinmi ń mú ooru púpọ̀ jáde láìsinmi. Rédíétọ̀ tó tó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè máà tó fún ẹ́ńjìnnì kan náà lójú òfuurufú. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù kò bọ́ nínú ewu náà. Fáànù tí Volkswagen ní lójú títì ni a ti yọ kúrò. Afẹ́fẹ́ iwájú ọkọ̀ ni yóò máa tù ú. Bí a kò bá fi páànù darí afẹ́fẹ́ náà gba ibi tó yẹ, orí sílíńdà yóò gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì Volkswagen 1600, tó ń ṣe agbára ẹṣin 50 ní ìyípo 4,000 lójú títì, kò fi yẹ kí a máa fi ipá gba gbogbo rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i ń fẹ inú rẹ̀ sí lítà 1.8 tàbí 2.1, ṣùgbọ́n ojú tí ooru ń gbà jáde kò fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

5.4 Iná àti Epo

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí a ṣe fún òfuurufú, irú Continental àti Lycoming, ní mágínẹ́ẹ̀tò méjì àti púlọ́ọ̀gì méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Mágínẹ́ẹ̀tò ń dá iná fúnra rẹ̀, kò gbára lé bátìrì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gbé ọkọ̀ délé. Púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń wà fún sílíńdà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, orísun iná rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tó jẹ́ ti òde òní tilẹ̀ le jù: kọ̀ǹpútà ló ń pín epo àti iná, ẹ̀rọ iná mànàmáná ló ń fa epo. Bí wáyà kan ṣoṣo bá yọ, ohun gbogbo yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ fi bátìrì kejì sí i, kó fi ẹ̀rọ ìfa-epo kejì sí i, kó sì rí i pé ọ̀nà tí ìkíní àti ìkejì ń gbà kò pàdé.

Ti kabúrẹ́tọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Bí epo ti ń di oru nínú rẹ̀, ó ń mú kí ibẹ̀ tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, yìnyín lè dì nínú kabúrẹ́tọ̀, àní ní ọjọ́ tí ara ènìyàn kò mọ òtútù kankan, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a fà láti ara sálẹ́ńsà ni a fi ń yọ́ ọ.

6.0 Ìdánwò, Òfin àti Àkọsílẹ̀ Ìjàǹbá

Ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọkọ̀ àdáṣe ti pọ̀ jù lọ, òfin gbà kí ènìyàn kan ọkọ̀ tirẹ̀ bí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀ tàbí ti àwọn tó ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn. Ẹgbẹ́ Experimental Aircraft Association, tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní ọdún 1953, ló ń kó àwọn tó ń ṣe é jọ, tí ń kọ́ wọn, tó sì ń bá wọn yẹ iṣẹ́ wò. Lábẹ́ ìlànà tó gbòde fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là rẹ̀ ní ìwé àṣẹ yóò fò fún wákàtí 25 níbi tí kò sí èrò kó tó lè gbé ènìyàn mìíràn. Èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò fò fún wákàtí 40. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà láàárín wọn ni ìdájọ́ ìjọba lórí ìgbẹ́kẹ̀lé tó yẹ kí a ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí wà fún ìṣọ́ra yìí. Ní ọdún 2012, NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá ìrìnnà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkọ̀ òfuurufú àdáṣe. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òfuurufú aládàáni, àwọn àdáṣe kò ju nǹkan bíi mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, àwọn ló ni nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìjàǹbá, àti mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó mú ẹ̀mí lọ. Kíkú ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tó fà á jù lọ. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo wọn.

7.0 Ìwúlò Kókó-Ọ̀rọ̀ Yìí fún Olùkọ́

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì lè rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe pẹ̀lú kókó-ọ̀rọ̀ yìí láìsí pé ọkọ̀ òfuurufú kankan wà nítòsí. Ìṣirò orí pùròpẹ́là tó wà ní 5.1 bá akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì mu. Kí olùkọ́ pààrọ̀ gígùn àti ìyípo, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìyára rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ tí a yọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ di irin àárín rẹ̀ mú, ni a lè fi kọ́ni bí ohun tó ń yí ṣe ń kọ̀ láti yà. Wáyà tín-ín-rín tí a tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ títí ó fi ṣẹ́ ni a lè fi ṣàlàyé bí kíráńkì ṣe ń sán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó ní gíà ni a lè fi fi hàn pé ìyípo tó dín kù ń sọ ipá ìlọ́ di púpọ̀.

Olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn Kánò lè fẹ́ gbìyànjú tirẹ̀. Kò yẹ kí a pa ìfẹ́ náà, kò sì yẹ kí a tì í sínú ewu. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ló ń fún ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ láti fò. Láìsí i, ilẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ. Àpẹẹrẹ rere kan wà nílé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Air Beetle pọ̀ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà láti fi kọ́ awakọ̀. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ náà ni RV-6A, èyí tí Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà yà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ nílé. Orúkọ Ìjàpá Volkswagen ni ọkọ̀ náà fi jọ ń jẹ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì Lycoming tó ní agbára ẹṣin 180, tí a ṣe fún òfuurufú, ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìdí, kó sì lè dáhùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ka bébà yìí.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré fò, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1929. A fi hàn pé iye agbára ẹṣin nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Iye ìyípo, okun kíráńkì, ìtújáde ooru, àti ìdánilójú iná òun epo ni ibi mẹ́rin tí iṣẹ́ ilẹ̀ àti iṣẹ́ òfuurufú ti yapa, ibẹ̀ náà ni àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ dé.

Nínú àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ní kékeré, Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kó lè bá wọn lọ síbi àsè lójú ọ̀run. Ìyẹ́ náà gbé e dókè. Nígbà tí àwọn olóhun gba ohun wọn, ó já lulẹ̀, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a yá láti ojú títì lè gbé ènìyàn dókè bákan náà. Ohun tí yóò mú un padà sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà ni ìmọ̀, àyẹ̀wò àti sùúrù ẹni tó tún un ṣe. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la kí ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìṣirò rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni fífò ti ń bẹ̀rẹ̀.